Omi inú apá òsì: bí mo ṣe tún fáàfù dry suit mi ṣe

Sátidé, 8 Oṣù Kẹta

Omi 6°C ni mo mùwẹ̀ sí lónìí, ìṣẹ́jú 38 ni mo sì lò níbẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ tán lẹ́yìn mọ́tò, apá òsì àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi rin gbingbin láti ọrùn ọwọ́ dé abíyá. Mo fún un bí ẹní fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, omi sì ń ro tótó sílẹ̀. Apá ọ̀tún gbẹ táútáú. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láti ìgbà tí ọdún ti yí, mi ò sì lè máa sọ fún ara mi mọ́ pé òógùn ni. Mo pinnu pé mi ò ní fi aṣọ yìí lọ síbi tó jìn títí màá fi mọ ibi tí omi ń gbà wọlé, màá sì máa kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe sílẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì rí dry suit rí: aṣọ òmùwẹ̀ ni, èyí tí omi kì í wọ̀. Tokunbọ̀ ni tèmi, onípele mẹ́ta tí rọ́bà wà láàárín, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì di ọrùn àti ọrùn ọwọ́ méjèèjì pa. Fáàfù méjì ló wà lára rẹ̀. Ti àyà ń gba afẹ́fẹ́ wọlé láti inú sílíńdà. Ti apá òsì lókè, nísàlẹ̀ èjìká, ń tú u jáde. Aṣọ náà fúnra rẹ̀ kì í mú ara móoru. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun tí à ń wọ̀ sínú rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun yẹn ló ń ṣe é, nítorí omi máa ń fa ooru kúrò lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á lọ. Apá tó bá ti rin, kò yàtọ̀ sí pé a ò wọ nǹkan kan sí i. Ní Èkó, ta ló máa wá irú ẹ̀ lọ? Omi òkun ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní Leicester tí mò ń gbé, tí mo bá fẹ́ mùwẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn wọn tó dé, kò sí ọgbọ́n míì.

Rọ́bà ọrùn ọwọ́ òsì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Tí mo bá di tọ́ọ̀ṣì mú pinpin, iṣan méjì tó wà nínú ọrùn ọwọ́ mi á yọ sókè, kòtò kékeré á sì wà láàárín wọn. Omi lè gba ibẹ̀ yọ́ wọlé. Rọ́bà yẹn sì ti gbó, ó ti ń la wẹ́wẹ́ létí.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta, lálẹ́

Mo pààrọ̀ rọ́bà ọwọ́ òsì lórí tábìlì ìjẹun. Ìyàwó mi ṣí gbogbo fèrèsé nítorí òórùn gọ́ọ̀mù.

Mo ti ike róbótó kan bọ inú apá aṣọ kí ojú ibi tí mo fẹ́ lẹ̀ lè dúró, kó má ká kò. Mo gé rọ́bà àtijọ́ kúrò, mo sì fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ àti ìdí rọ́bà tuntun títí dídán wọn fi lọ. Mo fi gọ́ọ̀mù pa méjèèjì, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tún pa á lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí kò lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, mo tẹ̀ wọ́n pọ̀ díẹ̀díẹ̀ yíká, mo sì fi ìdí ṣíbí rin ín mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má há sáàárín. Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀: ẹ má ṣe jẹ́ kí òróró sílíkónì kankan débi tí ẹ fẹ́ lẹ̀. Tó bá débẹ̀, gọ́ọ̀mù ò ní mú un. Mo gbé e kọ́ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Sátidé, 15 Oṣù Kẹta

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ti ń mùwẹ̀ kí n tó dé ìlú yìí, la jọ lọ sí Stoney Cove. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta gíránáìtì tẹ́lẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró ní 1958, omi ìsun kún kòtò náà. Ó rí bí àtẹ̀gùn nísàlẹ̀: ìpele kan wà ní nǹkan bíi mítà 6, òmíràn wà ní nǹkan bí 20, ibi tó jìn jù lọ sì lé díẹ̀ ní 35. Àwọn èèyàn máa ń ti ibi gbogbo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 2000, wọ́n ri ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Stanegarth síbẹ̀ kí àwọn òmùwẹ̀ lè máa rí nǹkan wò. Ìdí ọkọ̀ yìí la wà, ní mítà 20, tí mo fi ṣe àṣìṣe.

Mo fẹ́ yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ náà. Mo dorí kodò, mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo sì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó dáadáa. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú aṣọ kì í dúró síbi tí a fi í sí. Ibi tó bá ga jù lára ni í lọ. Gbogbo rẹ̀ ti ṣí lọ sí ẹsẹ̀ mi. Kí n tó mọ̀, bàtà mi ti wú, ẹsẹ̀ ti ń fà mí lọ sókè, fáàfù tó yẹ kó tú afẹ́fẹ́ jáde sì wà nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kankan ò sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Báà (bar) ni à ń fi wọn agbára tí omi àti afẹ́fẹ́ fi ń tẹ nǹkan; lójú omi, báà 1 ni. Ní mítà 20, báà 3 ni agbára tó ń tẹ̀ wá. Ká ní lítà 6 afẹ́fẹ́ ló wà nínú aṣọ mi níbẹ̀. Tí mo bá dé mítà 10, báà ti di 2, lítà 6 yẹn á sì ti wú di 9. Ní mítà 5 ó di 12. Lókè pátápátá ó di 18. Lítà kọ̀ọ̀kan tó bá wú ń gbéni sókè pẹ̀lú agbára bíi kílò 1. Bí mo bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ yóò máa wú; bó bá ṣe ń wú ni mo máa ń yára sí i. Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí bó bá ṣe ń sún mọ́ ojú omi ni dídá a dúró ń ṣòro sí i.

Mo ká orúnkún mọ́ àyà, mo sì tàkìtì bí wọ́n ṣe kọ́ wa, kí orí padà sókè kí ẹsẹ̀ sì padà sísàlẹ̀. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ òsì sókè. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ tú jáde wààà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ń jáde fín-ín-fín, bí ẹni ń mí nínú oorun. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi ń pariwo pé mo ti ń yára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú BCD, ìyẹn ẹ̀wù tí à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí lẹ́yìn, mo sì fi ìka fa rọ́bà ọrùn mi sílẹ̀ díẹ̀. Omi tútù já wọ àyà mi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ jáde. Mítà 7 ni mo ti dúró. Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Àyà mi ń lù kìkì.

Ẹ̀gbọ́n bá mi níbẹ̀, ó di apá mi mú, a sì dúró ní mítà 6 fún ìṣẹ́jú gígùn kí a tó gòkè. Lẹ́bàá omi, kò bá mi wí. Ó ní kí n mu tíì ná.

“Ṣé omi tún wọlé?”

“Ó wọlé, ẹ̀gbọ́n. Apá òsì náà ni. Bẹ́ẹ̀ mo ti pààrọ̀ rọ́bà ọwọ́.”

“Àti pé fáàfù ò tú afẹ́fẹ́ dáadáa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. “Apá òsì kan náà ni fáàfù wà. O ti wo inú fáàfù yẹn rí?”

Mi ò wò ó rí.

Sọ́ńdè, 16 Oṣù Kẹta

Bàbá mi ní àbúrò kan tó jẹ́ fọkanáísà n'Íbàdàn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń jókòó tì í wò ó bó ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú tiúbù, tó ń tì í bọ inú abọ́ omi dúdú kan, tó sì ń wo ibi tí omi ti ń hó. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fi ìgò méjì dí ọwọ́ aṣọ, mo fi bọ́ọ̀lù ike ọmọ mi dí ọrùn, mo yí fáàfù apá pa, mo sì fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀ láti ara sílíńdà títí aṣọ fi dìde jókòó lórí ilẹ̀ bí èèyàn. Mo po ọṣẹ, mo fi kànìnkànìn pa á sí gbogbo ojú rírán, síìpù àti ìdí rọ́bà. Kò sí ibì kankan tó hó. Rọ́bà tuntun mú dáadáa.

Mo jókòó tí mo ń rò ó kó tó yé mi. Ọṣẹ máa ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde hàn. Fáàfù yìí, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀ jáde. Àìsàn tirẹ̀ ni kí omi máa gba ibẹ̀ wọlé. Àyẹ̀wò fọkanáísà kò lè rí i, torí pé tiúbù kò ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí sápá kan.

Mo yọ fáàfù náà. Ìdajì rẹ̀ wà níta, ìdajì wà nínú aṣọ, wọ́n sì wé mọ́ra. Mo ya fọ́tò bí àwọn òrùka rọ́bà ṣe tò kí n má bàa ṣì wọ́n tò. Mo wá gbé ẹnu lé ojú inú rẹ̀, mo sì fa afẹ́fẹ́. Fáàfù tó dára, tí ẹ bá fà á báyìí, ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ yín létè kó má jẹ́ kí nǹkan kan kọjá. Tèmi ń mí: fíì, fíì, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́.

Mo gbé e sábẹ́ iná. Nínú rẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tó tẹ́ bí etí olú, tó fẹ́lẹ́ débi pé mo lè rí òjìji ìka mi lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni ilẹ̀kùn náà. Afẹ́fẹ́ ń tì í sókè láti inú, omi ń tẹ̀ ẹ́ padà láti ìta. Fọ́nrán irun kan ṣoṣo, búlúù, àwọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi, dùbúlẹ̀ sábẹ́ etí rẹ̀. Iyọ̀ òkun tó ti gbẹ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, èyí tí mo gbé bọ̀ láti Swanage, ìlú etí òkun kan, ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí mo kàn fi omi ṣan òde aṣọ lásán. Fọ́nrán yẹn kò nípọn ju irun orí lọ. Òun ló ń gbé etí rọ́bà náà sókè díẹ̀, tí omi fi ń wọ apá mi látìgbà yẹn.

Mo rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ̀ ọ́, mi ò sì fi nǹkan ṣóńṣó kankan kàn án. Mo tún fà á lẹ́nu. Ó lẹ̀ mọ́ mi létè pẹ́kí. Mo fi í sílẹ̀, mo ka 60, kò tú. Mo dà á padà sára aṣọ, mo fi ọwọ́ lásán wé e mọ́ra.

Tuesday, 18 Oṣù Kẹta

Fọ́nrán yẹn sọ nǹkan kejì fún mi: irun àwọ̀tẹ́lẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fáàfù. Nísàlẹ̀, omi ń tẹ aṣọ mọ́ni lára, ó sì ń ti irun yẹn bọ àwọn ihò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ìdí tó fi ń jáde fín-ín-fín ní Sátidé nìyẹn. Mo gé àwọ̀n líle kan lára àpò ìfọṣọ, mo ṣẹ́ ẹ po mẹ́ta, mo sì rán an mọ́ apá òsì àwọ̀tẹ́lẹ̀ níbi tí fáàfù máa ń bọ́ sí. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Báyìí, bí omi bá tẹ̀ ẹ́, àyè ṣì wà láàárín. Ògbólógbòó iṣẹ́ télọ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ó dúró.

Sátidé, 22 Oṣù Kẹta

Ìpele mítà 6 nìkan la lò lónìí. Mi ò bínú sí i rárá. Mo ti ń fi fáàfù yìí mùwẹ̀ fún ọdún méjì láìmọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n níbi tí kò ti lè pa mí.

A kọ́kọ́ yẹ òjé wò, ìyẹn irin wúwo tí òmùwẹ̀ ń so mọ́ra kó lè rì. Àṣìṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni pé wọ́n ń gbé òjé tó pọ̀ jù, wọ́n á wá fẹ́ afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù sínú aṣọ láti fi gbé òjé náà, afẹ́fẹ́ yẹn á sì máa sáré káàkiri ara. Ìparí ìmùwẹ̀ ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí sílíńdà ti fúyẹ́. Sílíńdà lítà 12 tó bá ti báà 220 dé 50, nǹkan bíi kílò méjì ààbọ̀ afẹ́fẹ́ ni a ti mí tán nínú rẹ̀. Pẹ̀lú báà 50, tí mo tú gbogbo afẹ́fẹ́ BCD àti aṣọ, tí mo mí díẹ̀ sínú, omi gbọ́dọ̀ dé ojú mi. Ó dé àgbọ̀n. Mo gbé kílò 1 lé e. Ó dé ojú.

Lẹ́yìn náà la wá mú fáàfù. Tí a bá yí ìdérí rẹ̀ sápá ọ̀tún, sípíríǹgì inú rẹ̀ á le, á sì ṣòro fún afẹ́fẹ́ láti jáde. Sápá òsì, ó rọ̀. Tèmi máa ń dún kẹ́, kẹ́ bí mo bá ń yí i, mo sì lè kà á bí mo tilẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Àkọ́kọ́, mo ṣí i pátápátá. Mo nà gbọọrọ bí ẹja: kò sí ohun tó jáde. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè díẹ̀: ó tú. Mo fi ọwọ́ sílẹ̀: ó dákẹ́. Mo yí i pa ní kẹ́ 4: mo ní láti gbé apá ga gan-an kó tó tú. Ní kẹ́ 8, mo fẹ́ẹ̀ dúró gbagidi, apá mi nà sókè bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè, kó tó ṣe bí ẹni fẹ́ tú.

Ìyàtọ̀ gíga ló ń ṣí i. Omi sẹ̀ǹtímítà 10 péré jẹ́ báà 0.01, sípíríǹgì yẹn sì fẹ́lẹ́ tó láti mọ̀ ọ́n. Tí fáàfù bá ga ju ibi tí afẹ́fẹ́ wà lọ, omi tó ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta kò tó afẹ́fẹ́ tó ń tì í láti inú, ó sì ń ṣí. Tí apá bá wà nísàlẹ̀, bí ẹ ṣí i tó àgbáyé, kò ní tú. Mo ti máa ń yí i káàkiri nínú omi tẹ́lẹ̀, mò ń pa á, mò ń ṣí i, mo rò pé ìdérí ló ń darí afẹ́fẹ́. Apá mi ló ń darí rẹ̀.

A parí pẹ̀lú fáàfù àyà. Tó bá há sí ṣíṣí, afẹ́fẹ́ á máa ya wọlé láìdáwọ́ dúró, a sì gbọ́dọ̀ yọ họ́ọ̀sì rẹ̀ kíákíá. Ẹ̀gbọ́n ní kí n yọ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ nípọn, ojú dídì. Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú àáyá 20, ó ti pẹ́ jù. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, 4. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe tẹ bọ́tìnì rẹ̀ gígùn nínú omi tútù, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń ya jáde láti sílíńdà a máa tutù, ó lè sọ omi inú fáàfù di yìnyín kó sì há. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, fi sílẹ̀, mí, tún tẹ̀ ẹ́.

Apá òsì gbẹ.

Sátidé, 29 Oṣù Kẹta

Mítà 20, ìdí ọkọ̀. Lójú omi mo yí fáàfù pa kí afẹ́fẹ́ lè gbé mi; kí a tó sọ̀kalẹ̀, mo ṣí i pátápátá, mo gbé apá òsì, mo rì. Bí mo ṣe ń lọ, aṣọ ń fún mi mọ́ra, pàápàá ní itan, mo sì ń fi díẹ̀ sí i, kìkì èyí tó máa jẹ́ kí fífún náà dẹwọ́. Àwọn olùkọ́ ò fẹnu kò lórí bóyá aṣọ tàbí BCD ló yẹ kó gbé wa nísàlẹ̀. Èmi ti yan tèmi: aṣọ wà fún òtútù àti fífún, BCD wà fún ìyókù. Bí afẹ́fẹ́ inú aṣọ bá ṣe kéré tó ni ohun tó lè sá lọ sẹ́sẹ̀ ṣe kéré tó.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dorí kodò lábẹ́ ọkọ̀ náà, Ẹ̀gbọ́n dúró tì mí. Ẹsẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Mo tàkìtì, mo gbé ìgbọ̀nwọ́, afẹ́fẹ́ tú wààà sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn. A gòkè ní mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá òsì mi ga díẹ̀ jálẹ̀, fáàfù ṣí pátápátá, a sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3. Kọ̀ǹpútà ò pariwo.

Ìṣòro kan: bí mo bá fẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ sápá ọ̀tún láti wo nǹkan, fáàfù á di ibi tó ga jù, afẹ́fẹ́ á tú láìjẹ́ pé mo fẹ́ ẹ, òtútù á sì mú mi. Mo pa á ní kẹ́ 2. Ó tó. Ti fáàfù mi nìyẹn o. Tiyín lè máà ní iye kẹ́ kan náà, ẹ ka tiyín ní mítà 6.

Sátidé, 12 Oṣù Kẹrin

Ìṣẹ́jú 44, omi 8°C. Kẹ́ 2 nísàlẹ̀, ṣíṣí pátápátá kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Apá méjèèjì gbẹ. Nílé, mo da omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí fáàfù méjèèjì, mo ń yí ìdérí lọ yí i bọ̀ kí omi lè dé inú, mo fi ìda pa eyín síìpù, mo sì bu pọ́dà tí kò ní òórùn sí rọ́bà ọwọ́.

Rọ́bà ọrùn ti ń lẹ̀ mọ́ra díẹ̀ níbi tí mo fi ìka fà á lọ́jọ́sí. Mo ti ní kí wọ́n fi tuntun ránṣẹ́ sí mi. Ó di Ọjọ́bọ̀ kí ó tó dé, ìyàwó mi sì ti ní ìta ni kí n ti lẹ gọ́ọ̀mù ìyẹn.